Ife Kan Tó Lé

Ìbéèrè kẹrin inú fọ́ọ̀mù náà ni ó fẹ́ pa mí. Wọ́n kọ ọ́ ní ṣókí, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀: ènìyàn mélòó ni iṣẹ́ yìí máa ṣe láǹfààní? Wọ́n fa ìlà kúkúrú kan síwájú rẹ̀ pé kí a kọ iye sí i. Mo ti dáhùn ìkíní, ìkejì àti ìkẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdàkudà ni mo dáhùn wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ ìkẹrin, àyà mi á já, màá pa ìwé dé, màá sì sáré lọ wo ohun tó ń jó lórí iná, kódà lọ́jọ́ tí n kò gbé nǹkan kan kaná.

Onífòyà ènìyàn ni mí láti kékeré. Bí fóònù bá dún láàárọ̀, mo ti máa ń pa ẹnì kan nínú ọkàn mi kí n tó gbé e. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sín mi jẹ, wọ́n á ní, “Rọra! Rọra o!”, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe nǹkan kan.

Iba ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Okokomaiko ni mo ti ń kọ́ wọn. Àtíbàbà kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan tí kò jìnnà sí títì ńlá, ìyá àgbà ìjọ náà ló sì gbà wá láyè níbẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ti jáde lọ́sàn-án, àwọn ọmọ àwọn tó ń tajà ní ìkóríta máa ń wá bá mi. A ó jọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, a ó ka ìwé díẹ̀, títí ìyá wọn á fi palẹ̀ ọjà mọ́. Ọmọ Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gùn náà ò gbẹ́yìn. A kò ní rẹ́jísítà. Ẹni tó bá wá ló wá.

Gọ́tà ńlá kan wà láàárín àtíbàbà náà àti ọ̀nà. Nígbà náà, kò ní ìdérí. Pákó méjì ni a tẹ́ sórí rẹ̀ tí à ń gbà kọjá. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè yọ̀ ṣubú sínú rẹ̀ kó sì gòkè padà pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, omi á kún un dé ẹnu, á máa sáré lọ, ojú ò sì ní mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí. Nítorí gọ́tà yìí ni a ṣe ń kọ̀wé.

Ìyá àgbà ló mú fọ́ọ̀mù náà wá. Àjọ kan tó máa ń ran àwọn àdúgbò lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ kéékèèké ló ń gba ìwé àbá lọ́wọ́ ènìyàn, ó sì ku ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n dẹ́kun gbígbà á. “Tíṣà, ìwọ lo mọ̀wé,” ni ìyá àgbà wí. Ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ojú ọ̀run ti ń ṣú ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, òjò ọdún náà sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Mo jókòó, mo kọ ohun tí mo pè ní ìwé àbá. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Mo kọ́kọ́ kí wọn. Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo kí wọn kú làálàá, mo dúpẹ́ oore tí wọ́n ti ń ṣe láti ẹ̀yìn wá. Mo gbàdúrà fún ọ̀gá wọn tí n kò rí rí. Mo wá sọ̀rọ̀ nípa Okokomaiko, bí ibẹ̀ ṣe kún, bí àwọn ìyá ṣe ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, bí ọmọ ṣe jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ní ojú-ewé kẹta, lẹ́yìn tí mo ti tọrọ àforíjì pé mo gba àkókò wọn, mo wá sọ pẹ̀lú ìtìjú pé àyíká wa ń fẹ́ àtúnṣe díẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mọ́ mi.

Mo gbé e lọ sí Iyana-Iba, sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí géètì yunifásítì, níbi tí obìnrin kan ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti tẹ ìwé àbá débi pé ó mọ̀ wọ́n ju àwọn tó ń kọ wọ́n lọ. Ó ka tèmi, ó ṣí i, ó tún ṣí i.

“Mà, ẹ ṣì ń kí wọn títí dé pẹ́ẹ̀jì kejì,” ó ní. “Ẹ má bínú o. Kí lẹ fẹ́ gan-an?”

“Gọ́tà ni. A fẹ́ kí wọ́n bá wa bo gọ́tà kan.”

“Níbo lẹ kọ gọ́tà sí?”

Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Kò sí níbẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo wo ilẹ̀. Odidi ojú-ewé mẹ́ta ni mo kọ nítorí gọ́tà, n kò sì dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó fa àga fún mi. “Ẹni tó máa ka pùròpósà yín, òmíì pọ̀ lọ jàra níwájú ẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ kó mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Kí ló fà á? Kí lẹ máa ṣe sí i? Ta ló máa ṣe é, ìgbà wo ló máa parí? Tí wọ́n bá ti lọ tán, ta ló máa máa bójú tó o? Ẹ sọ ọ́ tààrà. Àdúrà yẹn, ẹ gbà á fún wọn nílé.” Ó wá fi bírò kan ìbéèrè kẹrin. “Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́? Mélòó ni wọ́n?”

“Wọ́n pọ̀.”

“Wọ́n pọ̀ kì í ṣe nọ́ńbà, mà.”

“Bá mi kọ ọgọ́ta.”

Ó gbójú sókè. “Ṣé ọgọ́ta ni wọ́n, àbí ẹ kàn ní kí n kọ ọgọ́ta? Wọ́n máa wá wò ó o. Tí wọ́n bá dé, tí iye ò bá pé, irọ́ ni wọ́n máa pe gbogbo ẹ̀.”

Mo ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná. Mo kó ìwé mi, mo jáde sínú ariwo àwọn tó ń pe èrò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, èèwọ̀ ni kí ènìyàn na ìka sí ọmọ kí ó máa kà wọ́n. Ìyá mi bí wa, ó tọ́ wa, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ iye wa lẹ́nu rẹ̀ rí. Bí àlejò bá béèrè, á ní, “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run,” á sì bu omi fún un. Èmi wá lọ sílé ẹ̀kọ́, mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mo sì rò pé mo ti kúrò nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kà wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní ọdún méjì ṣáájú fọ́ọ̀mù yìí. Ẹnì kan fún wa ní bísíkíìtì, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa kárí. Mo na ìka, mo ń kà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn fúnra wọn ń bá mi kà á, wọ́n ń pariwo. Ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá ọlọ́ṣẹ ni mo parí rẹ̀ sí. Ìkángun bẹ́ǹṣì ni ó jókòó sí, ó sì fò sókè nígbà tí ìka mi kàn án, inú rẹ̀ dùn pé òun ló gbẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò ńlá rọ̀. Pákó yọ̀. Omi gbé ọmọ náà lọ, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo kà wọ́n. Orí mi mọ̀ pé òjò ni, orí mi mọ̀ pé gọ́tà ni, ṣùgbọ́n àyà mi ò gbà. Ìkóríta Okokomaiko ni ìyá rẹ̀ ti ń ta ọṣẹ, àbúrò ọmọ náà sì ń wá sọ́dọ̀ mi síbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí ìyá ọlọ́ṣẹ lọ́ọ̀ọ́kán, òdìkejì títì ni mo máa ń yà sí. Iba ni mo ti ń ra ọṣẹ tí mo fi ń fọṣọ. Ẹ ti wá mọ ìdí tí gọ́tà kò fi sí nínú ojú-ewé mẹ́ta tí mo kọ. Bí mo bá kọ gọ́tà, màá kọ ọmọ. Bí mo bá sì kọ ọmọ, ìka mi á yọjú.

Mo dá ọgbọ́n kan. Mo ní bí ìyá kọ̀ọ̀kan bá sọ iye tirẹ̀ fún mi, màá kàn rò ó pọ̀ ni, kò ní jẹ́ pé èmi ni mo kà wọ́n. Mo lọ bá wọn nídìí ọjà. Èyí tó ń ta búrẹ́dì ní, “Àǹtí tíṣà, tèmi ò pọ̀, wọn ò sì kéré.” Aránṣọ ní kí n bá òun gbàdúrà ná. Ẹni kẹta, tó ń ta àpò fóònù, bínú sí mi gidi.

“Iye wọn? Wọ́n fẹ́ fi ṣe kí ni? Nínú ayé tá a wà yìí? Ẹni téèyàn ò mọ̀ rí á máa béèrè iye ọmọ téèyàn bí?”

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin, ìlà kúkúrú yẹn ṣì wà lófo.

Mo padà lọ bá ìyá àgbà, mo ní kí ó wá ẹlòmíràn, pé èmi ò lè ṣe é. Ó ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wò mí.

“Tá a bá fẹ́ se ẹ̀wà sàárà fún àwọn ọmọ níbí,” ó ní, “báwo la ṣe ń mọ bó ṣe máa tó?”

“Ẹ máa ń ní kí wọ́n gbé abọ́ wọn ṣáájú, mà.”

“Abọ́ la sì máa ń kà. Ta ló ka ọmọ?” Ó da òkúta kan nù. “Ní kí kálukú gbé ife wá, ife kan fún ọmọ kan. Àwọn ife náà á kúkú máa wà níbí, wọ́n á máa fi mu omi. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù kí ife kú.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ ránṣẹ́ sí àwọn ìyá.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ìyá gbé ife wá. Kò sẹ́ni tó ṣàtakò mọ́. Èyí tó bínú sí mi gan-an ló kọ́kọ́ dé. A tò wọ́n sórí tábìlì gígùn tó wà lábẹ́ àtíbàbà: ife ike, ife irin, àwọn ife tí wọ́n pín níbi ìsìnkú tí àwòrán olóògbé ti ń ṣí lára wọn, ife ọmọ ọwọ́ kan tó ní ìdérí. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo dúró nídìí pátákó, mo ń fa ìlà kan fún ife kan. Mo ń sọ fún ara mi pé ife ni, ife lásán ni.

Ìyá ọlọ́ṣẹ ló dé gbẹ̀yìn. N kò rí ibi yà sí. Ó gbé ife méjì kalẹ̀, pupa kan àti àwọ̀ búlúù kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán. Ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń wá sọ́dọ̀ mi láti ilé rẹ̀. Mo mọ ife búlúù náà. Ìṣojú mi ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe kán, lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín fi ṣe bọ́ọ̀lù.

Mo fa ìlà fún pupa. Ṣọ́ọ̀kì dúró.

“Àǹtí tíṣà, ó ku ọ̀kan tẹ́ ẹ ò tíì kọ,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kò le.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà,” ni mo wí. N kò mọ ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún. Ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lẹ́nu mi níwájú gbogbo wọn. “Èmi ni mo kà wọ́n. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ sí i. Mo na ìka sí i, òun ni mo kà kẹ́yìn.”

Aránṣọ gbé ọwọ́ lérí. Mo ń dúró kí ìyá ọlọ́ṣẹ gbá mi létí, ká sọ tòótọ́, mo tiẹ̀ fẹ́ kí ó gbá mi.

Ó yíjú sí mi. “Ṣé torí ẹ̀ lẹ ò fi ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi mọ́?”

“Torí ẹ̀ ni, mà.”

“Ọdún méjì!” Ó pòṣé. “Ìka yín ló gbẹ́ gọ́tà? Ìka yín ló tẹ́ pákó? Èmi rò pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ kú níbí ni, kí àwọn yòókù má baà kó ọmọ wọn lọ. Mo máa ń wò yín tẹ́ ẹ bá ń ya títì. Mo ní wọ́n ti pa ọmọ mi rẹ́, wọ́n ń bá ìwé wọn lọ.” Ó ti ife búlúù náà sún mọ́ àwọn tó kù. “Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.”

Mo sunkún níbẹ̀, níwájú àwọn tí mo máa ń sọ fún pé kí wọ́n má ṣe sunkún. Nígbà tí mo ríran padà, mo fa ìlà náà. Ìlà mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Ọjọ́ méjì ló kù nígbà tí mo padà sí Iyana-Iba. Ojú-ewé kan ṣoṣo ni mo mú lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni pé: “Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ ọdún méje kan tó ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wa bọ́ sínú gọ́tà tí kò ní ìdérí, ó sì kú. Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta ṣì ń gba orí gọ́tà náà kọjá lójoojúmọ́. A fẹ́ dé e kí òjò ọdún yìí tó le.” Lẹ́yìn náà ni mo kọ bí gọ́tà náà ṣe gùn tó, pé àwọn bíríkìlà inú ìjọ ló máa da kọnkéré náà, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa gbà wọ́n, àti pé àwọn ìyá ló máa máa kó ìdọ̀tí inú rẹ̀. N kò kí ẹnikẹ́ni ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Obìnrin onítẹ̀wé náà kà á, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó tún kà á.

“Mà, mi ò ní fọwọ́ kan èyí,” ó ní. Ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, ó sì fi í ránṣẹ́ níṣojú mi.

A wá ń dúró. Bí òjò bá ti ṣú, èmi fúnra mi ni mo máa ń di àwọn ọmọ lọ́wọ́ mú kọjá lórí pákó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí màá máa ké “Rọra o!” títí ohùn mi á fi há. Wọn kò sín mi jẹ mọ́. Mo ń yẹ fóònù wò láàárín ìṣirò, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárín àdúrà. Nígbà tó pẹ́, àjọ náà pè. Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti wo ibẹ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Ó dé pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá. Ọmọlúàbí ènìyàn ni, ó kí ìyá àgbà dáadáa. Ó ka ìwé wa níwájú wa. Ó wá ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n tò, kí n kà wọ́n,” ó sì na ìka sí ọmọ àkọ́kọ́ tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

Mo gbọ́ bí àwọn ìyá ṣe mí kanlẹ̀. Èyí tó ń ta búrẹ́dì ti fa tirẹ̀ mọ́ra. Lọ́kàn mi, mo ní ó ti bàjẹ́, ó ti parí.

“Ọmọ mi,” ni ìyá àgbà wí jẹ́jẹ́, “ife wọn ló wà lórí tábìlì yẹn. Ẹ bá wa ka ife.”

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo ojú àwọn ìyá. Ó ká ìka rẹ̀ padà, kò sì bi wá ní ìdí. Bóyá irú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ni wọ́n ti tọ́ òun náà. Ó lọ sídìí tábìlì, ó ń fi ẹnu bírò kan àwọn ife lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìparí, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún kà wọ́n. Ó wá ṣí fáìlì.

“Mẹ́rìndínláàádọ́ta lẹ kọ síbí, mà,” ó sọ fún mi. “Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo bá. Ife kan lé.”

Ọ̀rọ̀ obìnrin onítẹ̀wé náà ni mo ń gbọ́ létí mi: irọ́ ni wọ́n máa pe gbogbo ẹ̀. Mo mọ ìdáhùn náà, mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé, síbẹ̀ n kò lè sọ ọ́ jáde.

Ìyá ọlọ́ṣẹ dìde láti ìkángun bẹ́ǹṣì. Ó lọ sídìí tábìlì, ó mú ife búlúù tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán.

“Kò lé, sà,” ó ní. “Ti ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ kọ̀wé sí yín nìyí.”

Ọkùnrin náà dé bírò rẹ̀. Ó béèrè ibi tí gọ́tà náà wà. Ìyá ọlọ́ṣẹ bọ́ síwájú, ife náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwa yòókù sì tẹ̀ lé e.